Ilé Tí Kò Ṣófo

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé ní Eggenmatt, abúlé kan láàárín àwọn òkè gíga, oòrùn á bọ́ sẹ́yìn òkè, a kì í sì í rí i mọ́ títí oṣù kejì á fi dé. Àwọn ará ibẹ̀ ò ka ìyẹn sí. Wọ́n á tan iná lọ́sàn-án gangan, wọ́n á wa òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Èyí tó ń dùn wọ́n ni pé ọdọọdún ni fèrèsé tó ń tan iná ń dín kù. Àwọn ará ìlú ńlá Zürich àti àwọn ará Jámánì ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé pákó dúdú wọ̀nyẹn. Wọ́n á wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣeré lórí òjò dídì, wọ́n á tilẹ̀kùn, ó di àmọ́dún. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti kéré débi pé olùkọ́ kì í pe orúkọ mọ́ kó tó mọ ẹni tí kò wá.

Ìdí nìyí tí Leander Walpen, alága ìlú, fi gbé owó orí ilé òfìfo kalẹ̀. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò bá sùn nínú rẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, onílé á san owó gọbọi, owó náà á sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ká ní kò sí Serafina Ruppen ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

Opó ni Serafina. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn ún, kò sì gbà fẹ́nikẹ́ni pé ó ń dùn òun. Ilé méjì ló ní: èyí tó ń gbé, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, àti èyí tó wà lókè pátápátá, níbi tí Medard ọkọ rẹ̀ gbé e níyàwó wá. Ìgbéyàwó wọn ṣì tuntun nígbà tí Medard lọ wá àgùntàn tó sọnù lórí odò yìnyín, yìnyín ńlá tí kì í yọ́ láàárín àwọn òkè. Yìnyín lanu, ó gbé e mì, kò sì bì í jáde títí di òní.

Òfin ibẹ̀ ni pé bí àwọn ará ìlú tó pọ̀ tó bá buwọ́ lùwé lòdì sí òfin tuntun, òfin náà gbọ́dọ̀ padà wá síwájú gbogbo ìlú, kí wọ́n na ọwọ́ sókè, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n wó o lulẹ̀. Serafina mú ìwé, ó mú bírò, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Albin tó ń ṣe wàràkàṣì buwọ́ lù ú nítorí ilé bàbá rẹ̀ tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń jà lé lórí, tí aláǹgbá nìkan ń gbé. Àwọn kan buwọ́ lù ú nítorí pé ìrìn Leander kò wù wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi Serafina léèrè ohun tó ń lé e, àfi Ludwina ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó gbé kọfí síwájú rẹ̀, tó sì mú bírò dání láìbuwọ́ lu nǹkan kan.

"Ilé òkè yẹn," ni Ludwina wí, "ta lo ń tọ́jú ẹ̀ dè?"

"Ẹni tó ni ín."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ni ín ti di yìnyín."

"Kọfí ẹ yìí ò ní ṣúgà."

"Àtọ̀gbẹ ẹ ni mò ń bá ẹ ṣọ́. Dá mi lóhùn."

"Buwọ́ lùwé kí n máa lọ. Tí mo bá fi jókòó pẹ́, ìwọ náà lo máa gbé mi dìde."

Ludwina rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń tiro lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Àwọn ará òkè wọ̀nyẹn gbà pé inú yìnyín ni ọkàn àwọn òkú kan ti ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn, òtútù sì ni ìyà náà. Nítorí náà, àwọn ìyá àtijọ́ a máa dá iná sínú ààrò òkúta ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á jáde, wọ́n á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, kí àwọn ọkàn náà lè wọlé wá yáná. Èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀: a kì í pe orúkọ. Ọkàn tí wọn ò pè lórúkọ á yáná tán, á sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n bá pè ti di ará ilé nìyẹn, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́. Àfi fèrèsé ẹ̀mí nìkan ni, ihò kékeré tí wọ́n ń dá sábẹ́ àjà, tí wọ́n ń fi pákó dí. Bí ẹnìkan bá kú nínú ilé, wọ́n á ṣí i kí ọkàn rẹ̀ jáde, wọ́n á sì tètè tì í kó má bàa padà.

Serafina pe orúkọ. Ọmọdé ń ṣe é nígbà náà, ìbànújẹ́ sì ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé òkè, ó pe Medard bó ṣe máa ń pè é bí oúnjẹ bá délẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, àga gbọọrọ iwájú ààrò ti tutù rinrin, ní ìwọ̀n ibi tí ọkùnrin kan lè jókòó sí. Ẹ má bínú sí i: inú rẹ̀ dùn. Kò ṣí fèrèsé ẹ̀mí rárá, nítorí pé ẹni tó bá ṣí i ti gbà pé ọkọ òun kú nìyẹn.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kò dá iná níbẹ̀. Àga náà kò gbẹ rí. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì tó bá gbé sílẹ̀ á gan bí òkúta, yìnyín á bo abọ́ náà, bẹ́ẹ̀ iná ń jó bùlàbùlà nínú ààrò. Ó gbìyànjú láti sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó jí, ìdajì bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gan mọ́ pákó ibùsùn. Kò tún sùn níbẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ìdìbò, Leander gun òkè wá bá a níbẹ̀. Ọmọ ìrìbọmi rẹ̀ ni, Serafina ló gbé e níwájú àlùfáà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ẹ káàsán, ìyá ìrìbọmi."

"Káàsán, alága. Nu bàtà ẹ kó o tó wọlé."

Leander nu bàtà rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà. Ẹ ṣáà kó wá síbí, kí ẹ máa sùn níbí, kí ẹ fi tìsàlẹ̀ háyà fún tọkọtìyàwó kan tó lọ́mọ. Owó orí ò ní kàn yín. Ilé ẹ̀kọ́ á sì rí ọmọ. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Mi ò lè sùn níbí."

"Ṣé nǹkan ń ṣe ilé náà ni?"

Serafina ti igi kan sínú ààrò. Leander fẹ́ jókòó sórí àga gbọọrọ.

"Má jókòó síbẹ̀," ni Serafina wí, kíákíá.

Leander ti fi ọwọ́ kan àga náà. Ó fa ọwọ́ padà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó wá gbójú sókè wo ògiri. Àbàwọ́n dúdú kan gbéra láti ibi àga, ó ń lọ sókè lórí pákó.

"Òrùlé yín ń jò, ìyá."

"Káfíńtà ti wá wò ó. Ó ní òun ò rí ihò kankan."

Leander tún wò ó. Omi tó bá ń jò láti òrùlé, òkè ló yẹ kó ti ṣókùnkùn jù. Èyí ṣókùnkùn nísàlẹ̀, ó wá là sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó sì tán síbi tó kù díẹ̀ kó kan pákó fèrèsé ẹ̀mí. Ìgbà yẹn ló fura pé ẹnu ọ̀nà tí òun ti wọlé móoru ju iwájú ààrò lọ. Ó dé fìlà rẹ̀.

"Ó di ọ̀la ní gbọ̀ngàn, ìyá," ló wí, ó sì jáde láìti ilẹ̀kùn dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Mísà, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún fọ́fọ́. Albin sọ̀rọ̀, ó bú ìgbìmọ̀, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Leander kọjú sí Serafina.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibí. Ẹ sọ fún ìlú: ṣé ilé òkè yẹn ṣófo àbí kò ṣófo?"

Serafina dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú. "Kò ṣófo."

"Ta wá ló ń gbé ibẹ̀?" ni ẹnìkan wí lẹ́yìn. "Ṣé o ti fẹ́ ọkọ tuntun ni, Serafina, tó ò pè wá síbi wáìnì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú láìpẹ́. Serafina jókòó.

"Ó dáa," ni Leander wí, kò sì wo ojú rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ kí owó orí náà dúró, kó na ọwọ́."

Serafina yíjú padà láti mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Kaspar, bàbá kúkúrú tó ń tún ọ̀nà ṣe tẹ́lẹ̀, dúró ti ògiri lẹ́yìn. Èjìká ń dùn ún, nítorí náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti pákó ògiri kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa wálẹ̀. Ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ó ya ìka ọwọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń nà án sókè, sókè, kí àwọn tó ń ka ọwọ́ lè rí i.

Serafina rántí àbàwọ́n ara ògiri náà. Òjò kọ́ ló ń jò sí ògiri ilé òkè. Ọwọ́ ni.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó rò pé iná ni Medard ń yá. Kò wá yáná. Orí àga ló ń gùn, tó ń na ọwọ́ sí fèrèsé ẹ̀mí, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Òun ló pè é, òun ló tì í mọ́lé, òun náà ló tún ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ìlú kí wọ́n lè bá òun tì í pa. Ìtìjú bò ó. Ó dùn ún ju ọjọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ fún un lọ.

Ó na ọwọ́ sókè.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni Ludwina sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn ò tíì pe tiwa."

"Mo mọ̀."

Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni owó orí náà fi borí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Albin kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "O gbé wa gun ẹṣin aáyán, Serafina," ló wí. Serafina kò dúró. Ó ti ń gun òkè lọ.

Ààrò ṣì ń móoru láti àná. Ó gun orí àga tó tutù náà, ó sì gbá pákó fèrèsé náà mú. Ó ti gan. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú igi ìdáná kan, ó padà gùn ún, ó lù ú títí ó fi yẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ohun tó tutù ló gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń rùn bí irun àgùntàn tí òjò pa. Ó dúró díẹ̀ kó tó jáde. Serafina fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ó ti lanu. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ó ṣòro fún un láti tì í. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí pákó náà títí omijé fi gbẹ lójú rẹ̀, ó wá tì í bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ní kí wọ́n máa ṣe.

Nígbà tí Leander sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó bá a tó jókòó sórí àga gbọọrọ.

"Ìyá ìrìbọmi, kí ló dé? Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí."

"Jókòó," ni Serafina wí.

Leander wo àga náà. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án. Ó gbẹ, ó sì ń móoru, bó ṣe yẹ kí àga iwájú ààrò rí. Ó jókòó.

"Kọ ilé mi mọ́ àwọn tó máa sanwó orí, ọmọ mi," ni Serafina wí. "Ó ti ṣófo."