Yorùbá Inú Fíìmù

Ohun tí ó fẹ́ ba ọ̀rọ̀ Rájí jẹ́ ni pé Hausa rẹ̀ ti dára jù. Bashir ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ọmọ Hausa kan ní Tukur-Tukur tí ó ń ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí àwọn èèyàn ń wò lórí fóònù. Ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ó ní Yorùbá kan wà nínú fíìmù tí òun fẹ́ yà, ẹni tí adìẹ rẹ̀ sọnù, àmọ́ bí Bàbá bá ti lanu báyìí, ọmọ Kano ni àwọn èèyàn máa rò pé ó ń sọ̀rọ̀. Rájí ní Yorùbá ni òun. Bashir ní òun mọ̀, òun kò bá Bàbá jiyàn, àwọn tí yóò wò ó ni kò ní gbà.

Rájí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Inú Sabon Gari, ní Zaria, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Bàbá rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìlọrin, tí ó ní ọdún méjì péré ni òun fẹ́ lò, tí ó sì lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù. Bí Rájí bá lọ sílé fún ìsìnkú, Rájí Gàmbàrí ni wọ́n ń pè é ní agbo ilé wọn, bí ẹni pé Hausa ni. Bí ó bá padà dé Zaria, ó di Raji Bayarabe, Rájí ọmọ Yorùbá. Inú ọkọ̀ nìkan, láàárín ìlú méjèèjì, ni kò ti sí ẹni tí ń pè é ní ohunkóhun, ó sì máa ń sun oorun gidi níbẹ̀.

Gbogbo èyí kò dùn ún rí. Ramlah ló jẹ́ kí ó dùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ramlah. Bàbá rẹ̀ ni Shamsudeen, ọmọ Rájí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, Jamilah ọmọ Hausa sì ni ìyá rẹ̀. Nítorí ilé ìwé, ọ̀dọ̀ Rájí àti Sarat ìyàwó rẹ̀ ni ọmọ náà ń gbé. Nígbà tí ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà ń bọ̀, ilé ìwé ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ wá. Sarat rán ìró àti bùbá, ó wá gèlè tì í. Ramlah wò ó, ó ní ọmọ Hausa ni òun. Rájí fi sùúrù ṣàlàyé pé bàbá ló ni ọmọ, pé Yorùbá ni bàbá rẹ̀ nítorí pé Yorùbá ni òun bàbá àgbà rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ Yorùbá, òun máa ń rí wọn nínú fíìmù Hausa orí fóònù, Bàbá kò jọ wọ́n.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà méjèèjì kò sì kó nǹkan kan fún ọmọ náà. Láti ìgbà tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ó gbọ́ nìkan ni wọ́n ń sọ ní Yorùbá. Abẹ́rẹ́ tí dókítà fẹ́ gún un, Yorùbá. Gbólóhùn asọ̀ tó wà láàárín bàbá àti ìyá rẹ̀, Yorùbá. Òkú, àìsàn, àlejò tí wọn kò fẹ́ràn. Ìyókù, Hausa ni. Nígbà tí Rájí wá pè é jókòó láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ó kí i ní Yorùbá, tí ó ní kí òun náà sọ pé "Ẹ káàárọ̀, Bàbá", ẹkún ni ọmọ náà bú sí. Ó ń béèrè ẹni tí ó kú.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rájí lára. Kì í ṣe ẹni tí ń ronú ikú, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí òun bá kú, ọmọ yìí yóò sunkún bàbá Hausa kan tí kò wà láyé rí. Ó sì mọ ohun kan nípa Ramlah: ohun tí ó bá ti rí lórí fóònù, òótọ́ ni. Ó ti rí ológbò tí ń fọ abọ́ níbẹ̀, kò sì sí àlàyé tí ó lè yí ọkàn rẹ̀ padà. Nítorí náà, nígbà tí Bashir gbé maṣíìnì kan wá fún àtúnṣe, tí ó ń ráhùn pé òun kò tíì rí ẹni tí yóò ṣe Yorùbá, Rájí ní kí ó má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni mọ́, òun ni yóò ṣe é.

Ibẹ̀ ni Hausa tó dára jù ti wá da ọ̀rọ̀ rú. Bashir ní kí ó gbìyànjú kí ó bà á jẹ́ díẹ̀. Rájí yí ẹnu sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, Hausa tó jáde ṣe é gbé lọ síwájú Ẹ́míà. Bashir ní ọmọ Hausa kan wà ní Kano tí ó mọ Yorùbá ṣe dáadáa, bóyá kí òun pe ìyẹn. Rájí bẹ̀ ẹ́ kí ó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ó gba Wusasa lọ, sọ́dọ̀ Moses, ará Kogi kan tí iṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Zaria. Oṣù mẹ́ta péré ni Moses tíì lò, Hausa rẹ̀ sì burú dé ibi tí Rájí fẹ́. Ó ń pe obìnrin ní ọkùnrin, ó ń pe àná ní ọ̀la, aláta kan sì ti fún un ní tòmátì lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè dákẹ́. Maṣíìnì ìyàwó Moses ni Rájí fi ṣe àwáwí. Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀, ó ń tú u, ó ń tò ó, ó ń tẹ́tí. Moses rò pé àánú òun ló ṣe Bàbá tí ó fi ń wá kọ́ òun ní Hausa. Inú rẹ̀ dùn, ó ń tẹ̀ lé e lẹ́nu, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, Hausa Moses ti ń tọ́, ti Rájí ti ń wọ́. Rájí rí i pé bí òun kò bá tètè ṣe nǹkan, kò ní sí ohun tí òun yóò kọ́ mọ́. Ó bẹ Moses kí ó má kọ́ ohunkóhun sí i títí di Jímọ̀. Moses, ọmọlúàbí, kò béèrè ìdí.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ya fíìmù náà ní ojúlé kan ní Tukur-Tukur. Agbádá tí wọ́n wọ̀ fún Rájí gba èèyàn mẹ́ta, fìlà tí wọ́n dé fún un bò ó lójú kan. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Rájí wọ̀ ọ́. Ìtàn fíìmù náà kò le. Adìẹ Yorùbá sọnù, ó gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, Hausa rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dá a lẹ́bi pé òun gan-an ló jí adìẹ. "Kaza na, shi tafi ina?" ni ó ń ké kiri, pé adìẹ òun dà, Hausa tí Hausa fúnra rẹ̀ kò mọ̀ rí. Àwọn tó dúró wò ń di ikùn mú. Ohun kan ṣoṣo ni Rájí bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Yorùbá gidi lópin, kí ọmọ-ọmọ òun lè gbọ́ ọ. Bashir gbà. Rájí ti fìlà sókè, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń búra.

"Yorùbá ni mí. Ìlọrin ni wọ́n ti bí bàbá mi. Mi ò jí adìẹ ẹnikẹ́ni."

Omi lé sí i lójú. Bashir ní ó dára gan-an.

Fíìmù náà jáde, ó sì tàn ká Sabon Gari bí ìròyìn ọ̀wọ́n epo. Oníkẹ̀kẹ́ tí ń gbé Rájí lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ọ̀nà fún un. Télọ̀ kan tí ó ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún ń bá a sọ Hausa díẹ̀díẹ̀, lóhùn òkè, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Rájí dá a lóhùn bí ó ti ń dá a lóhùn láti ọdún gbọọrọ. Télọ̀ náà yìn ín, ó ní ó ti ń gbìyànjú.

Rájí fara dà á. Ramlah ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Rájí fúnra rẹ̀ kò sì tíì wo fíìmù ọ̀hún, ó ní òun àti ọmọ òun ni yóò jọ wò ó. Nígbà tí ọmọ náà dé, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó pe Sarat, ó gbé fóònù kalẹ̀. Ramlah rẹ́rìn-ín títí ó fi yí kúrò lórí ẹní. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ìparí, Rájí ní kí ó dákẹ́, kí ó fetí sílẹ̀. Lórí fóònù, Rájí ti fìlà sókè, ó lanu, igbe ewúrẹ́ ló jáde. Wọ́n ti yọ ohùn rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ti ewúrẹ́ sí i. Ẹnu ń lọ, ewúrẹ́ ń ké, títí ọ̀rọ̀ fi tán. Ó dun Rájí wọra. Sarat na ọwọ́ kí ó pa fóònù, àmọ́ fíìmù ti parí.

Ramlah yíjú sí bàbá àgbà rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó bi í ní Hausa bóyá Bàbá gan-an nìyẹn. Rájí ní òun ni. Ó ní ṣé òótọ́ wá ni pé Yorùbá ni Bàbá. Rájí ní òótọ́ ni. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní a jẹ́ pé Yorùbá ni bàbá òun, a jẹ́ pé òun náà, Yorùbá ni òun. Ohun tí Rájí ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ó sì mi orí sí i.

Ramlah dìde, ó dúró síwájú rẹ̀, ó na ara rẹ̀ tọ́ bí ọmọ tó fẹ́ ka ìwé. Ó ní òun ti gbọ́ Yorùbá báyìí, òun ti mọ̀ ọ́n sọ. Ó yí ẹnu rẹ̀ wọ́.

"Baba, kai ji ni?"

Ṣé Bàbá gbọ́ òun ni ó ń bi í, ní Hausa tí wọ́n ba apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Sarat ti fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe Yorùbá nìyẹn, ṣùgbọ́n Rájí gbọ́wọ́ sókè dá a dúró. Ọmọ náà ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí èsì. Láti ìgbà tí ó ti dáyé, kò fẹ́ kí Bàbá bá òun sọ Yorùbá rí, àfi lónìí.

"Ni ji ke," ni Rájí dá a lóhùn, pé òun gbọ́, ó sì ba tirẹ̀ náà jẹ́ dáadáa kí ó lè yé e.