Ilé Ṣijúadé Lọ Bẹ Báńkì

Kí Ṣijúadé tó dé báńkì, ilé rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó bá a lórí àga oníke, láàárín àwọn tó ń dúró de ọ̀gá. Ilé náà ti ṣí páànù orí rẹ̀, ó gbé e lé itan bí ọkùnrin tó ṣí fìlà fún àgbà. Ó rìn jìnnà, ẹnu ọ̀nà iwájú rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. "O pẹ́," ni ilé sọ fún un. Ṣijúadé ní òun ò tètè rí mọ́tò, ó sì jókòó tì í.

Báńkì ló yá a lówó tó fi kọ́ ilé náà. Nígbà tí ọjà ń tà, tí àwọn ìyàwó ilé ń du ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí kọ́tìnì ọdún, kò sí oṣù tí kò san tirẹ̀. Àfi bí ọrọ̀ ajé ìlú ṣe dẹnu kọlẹ̀ lójijì. Ẹ gbọ́ ná, ta ni yóò rán kọ́tìnì nígbà tí àtijẹ àtimu ti di wàhálà? Ohun tó wá bẹ̀ kò ju pé kí wọ́n dín iye oṣooṣù kù, kí wọ́n sì fi kún ọdún tí yóò fi san án. Bí wọn ò bá gbà, ilé lọ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sì wà nínú ilé náà, lábẹ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n sin ín sí.

Wọ́n pè é. Ọ̀gbẹ́ni Fátúrótì wà lẹ́yìn tábìlì, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ afẹ́fẹ́ mọ́ afẹ́fẹ́. Ṣijúadé kò tíì rojọ́ dé ìdajì tó fi ní, "Màdámù, ẹ lọ bá ọ̀gá mi lókè." Ṣijúadé gun àtẹ̀gùn. Fátúrótì kan náà ló bá lókè, ó ti wọ táì mìíràn, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń rí sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ní kí ó padà sókè. Háà! Inú bí Ṣijúadé títí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń hó.

"Ṣé bọ́ọ̀lù ni mí ni, tí ẹ̀ ń gbá mi sókè sísàlẹ̀?"

Ó gbé ìbínú mì, ó kúnlẹ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀ ni ilẹ̀ báńkì rì, tí tábìlì sì ga kọjá orí rẹ̀. Ohùn Fátúrótì nìkan ló ń gbọ́. "Ẹ̀yin nìkan lẹ wá? Àgbà yín dà?" Ojú ti Ṣijúadé, nítorí òótọ́ lọkùnrin náà sọ. Ta ló ń dá irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀ láìmú àgbà dání?

Ilé wúkọ́ lórí àga. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ìyá Ṣijúadé sì jáde wá, pẹ̀lú aṣọ òfì tí wọ́n fi sin ín, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ léjìká. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Fátúrótì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ti òkè náà dọ̀bálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé kò ti kú ni. Àgbà ni àgbà ń jẹ́.

"Ẹ bá mi ṣàánú ọmọ yìí," ni ìyá wí. "Ọjà ni kò tà, kì í ṣe ọ̀lẹ."

"Màmá, tí ẹ bá ti dá sí i, ó parí," ni Fátúrótì fèsì. "A ó fi ọdún kún un, a ó dín ti oṣooṣù kù. Ṣùgbọ́n yàrá kan yóò wà lọ́wọ́ wa títí yóò fi san án tán."

Ṣijúadé ní kí wọ́n mú ilé ìdáná. Ilé ìdáná ní, "Èmi tí mò ń bọ́ ẹ?" Ó ní kí wọ́n mú pálọ̀. Pálọ̀ ní àlejò ń bọ̀. Yàrá tó ń sùn bú sẹ́kún kó tó dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún ìró ró.

"Ẹ mú tèmi."

"Màmi, rárá o! Nítorí yín gan-an ni mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n!"

Ìyá fi oríkì pè é. "Àṣàbí, dákẹ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Níbo lo fẹ́ máa sùn?"

Wọ́n ká yàrá ẹ̀yìn bí ẹní, àti ògiri àti fèrèsé. Kí wọ́n tó ká a dé òpin, ìyá wọ inú rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Fátúrótì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í. Ó lu Ṣijúadé ní òǹtẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, gbogbo èèyàn sì ń kí i kú oríire. Ilé gbé páànù dé orí, ó jáde lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀.

Ṣijúadé kò lè bá a lọ. Ẹ̀bẹ̀ ti gbà, inú sì ń bí i. Ta ni yóò wá bínú sí? Ó béèrè ìgbà tí òun lè máa wá kí ìyá òun.

"Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, màdámù. Ẹ lọ tò sórí ìlà."

Ó yíjú padà. Ìlà náà ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ti yí òpópónà po. Ẹni kọ̀ọ̀kan gbé abọ́ oúnjẹ dání fún ẹni tirẹ̀ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n kàn ń fọwọ́ kan ìdí abọ́ wò, bóyá ó ṣì gbóná.