Wọ́n Ní Ẹgbẹ́ Òkùnkùn Ni Ẹgbẹ́ Olórin Ọkọ Mi

Tìróò ni ọkọ mi lé sójú nínú àwòrán náà. Irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì funfun tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ara lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, a ò tíì mọ ara wa. Wọ́n wá fi iná pupa yí i ká, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Bí Jésù Ṣe Yọ Mí Nínú Ẹgbẹ́ Òkùnkùn Ní London. Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rí Brother Bámgbóyè lọ́jọ́ Sunday."

Mo wà ní ilé ìtajà kan ní Pleasant Hill Road, ní Duluth nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mo ń ṣa ẹ̀fọ́, nígbà tí àwòrán yìí wọlé sórí WhatsApp ìjọ wa. Mo pa cart tì síbẹ̀, mo jáde lọ sínú mọ́tò, mo pe ọkọ mi.

"Bàbá Fẹ́misí, ṣé ẹ ti rí nǹkan tí wọ́n gbé jáde?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ta ni mo bá sọ pé mo fẹ́ jẹ́rìí?"

"Wọ́n ní London."

"Mi ò gbé London rí láyé mi!"

Ilé ìwòsàn ni Bámgbóyè ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń mójú tó ẹ̀rọ tí ń bá àwọn aláìsàn mí. Tó bá di Sunday, a ó wakọ̀ láti Lithonia gba títì I-20 lọ sí Forest Park, níbi tí ìjọ wa ti sọ ilé ìkẹ́rù kan di ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń tẹ kíbọọ̀dù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé Amẹ́ríkà, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Tin Estuary, ní ìlú Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó lọ kàwé níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni. Seth ló ń kọrin. Joanna ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin, ó sì ń darí ẹ̀rọ tí ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Bámgbóyè ló ń tẹ synthesizer, dùùrù oníná tó lè dún bí fèrè, kó dún bí afẹ́fẹ́, kó dún bí ohun tí etí kò gbọ́ rí. Kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì fi yangàn. Nathaniel, ẹni tó ń bójú tó fídíò ìjọ, ló rí fídíò wọn lórí YouTube, ló bá gbé e fún Pásítọ̀ Ọláníyì. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ mi ní nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a lọ bá Pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó dìde, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ṣé ẹ rí bí flyer yẹn ṣe rẹwà?"

"Pásítọ̀, ta ló sọ fún yín pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwòrán yẹn náà. Ọkùnrin tó lé tìróò! Ṣebí a mọ ohun tí àwọn olórin yẹn máa ń ṣe kí wọ́n tó lókìkí."

"Kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

"Oògùn olóró. Ìmùlẹ̀. Ẹ ṣáà ti sọ pé wọ́n ní kí ẹ búra, ẹ ò sì mọ ohun tí ẹ ń búra lé lórí. Ẹ ò mọ iye ọkàn tí ìyẹn máa gbà là!"

Mi ò lè dákẹ́ mọ́. "Pásítọ̀, ṣé irọ́ ló ń gba ọkàn là báyìí ni?"

"Mummy, kì í ṣe irọ́. Ẹ kàn mú un bí òwe."

Ọkọ mi ní, "Mo máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo máa sọ."

"Ògo ni fún Ọlọ́run!" ni Pásítọ̀ wí. Ìlàjì tó wù ú nínú ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, àwọn èèyàn kún títí wọ́n fi ń to àga sí ẹnu ọ̀nà. Nathaniel gbé àwòrán tìróò yẹn sórí ògiri, ó tóbi bí ilé. Bámgbóyè gba máìkì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàárọ̀ o. Hull ni, kì í ṣe London." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Mo dé ibẹ̀ nínú òtútù, mi ò mọ ẹnì kankan. Onílé mi ní kí n kó ẹrù mi, ó ní àwọn aládùúgbò ń ráhùn pé òun gba èèyàn dúdú sílé. Ìyá Seth ló ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Níbi tí bàbá Seth ń kó àwọ̀n ẹja sí la ti bẹ̀rẹ̀ orin. Orin wa kan jáde, ìlú gbà á. Rédíò gbé e, tẹlifíṣọ̀n pè wá, a kọrin dé Jámánì. Tìróò tí ẹ ń wò yìí, Joanna ló lé e fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí iná tẹlifíṣọ̀n má baà pa ojú wa rẹ́. Ìyá ìyá mi náà lé tìróò títí tó fi kú, ìyá ìjọ sì ni."

Àwọn ìyá àgbà pariwo ẹ̀rín. Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wa jáde wá sọ pé Amẹ́ríkà ń fẹ́ wa. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán tó máa wà lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní tí àwọn èèyàn bá rí ojú dúdú lára irú orin yìí, wọn ò ní rà á. Mo ti ń lọ. Joanna ló gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó sọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà pé àwa mẹ́ta ni, tàbí kí wọ́n má ya nǹkan kan. Seth mú kọ́ọ̀tù rẹ̀, a jáde. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn kò jáde títí dòní, kò sì sẹ́ni tó pè wá mọ́. Ibẹ̀ ni Tin Estuary parí sí. Seth di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Joanna di olùkọ́ ọmọdé. Òkìkí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n jù ú sílẹ̀ nítorí mi. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ wá ní kí n pè ní ẹgbẹ́ òkùnkùn?"

Máìkì kú. Mo rí ọwọ́ Pásítọ̀ bó ṣe ṣẹ́ ẹ sí Nathaniel. Lójú ẹsẹ̀ ló ti gun orí pẹpẹ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù!" Àwọn akọrin sì bú sórin.

Èmi Monísọ́lá kì í sọ̀rọ̀ láàárín ìjọ. Ṣùgbọ́n ara mi gbóná débi pé n kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ẹ dá orin yẹn dúró! Ẹ̀yin lẹ pè é, ẹ jẹ́ kó sọ tán!"

Orin náà fọ́ yángá. Bámgbóyè kò wá máìkì mọ́. Ó ní, "Ọlọ́run tí mò ń sìn, ilé àwọn èèyàn yẹn ló ti bọ́ mi. Mi ò ní bú wọn níwájú Rẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú mi lọ́wọ́. Bí a ṣe ń jáde, ìyá àgbà kan ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ẹni tó jókòó tì í sì ń sọ pé, "Ẹ ò rí i pé ẹ̀mí yẹn ṣì wà lára rẹ̀."

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ wa Olúwafẹ́misí fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. "Mummy, ṣé Daddy sọ eléyìí lóòótọ́?"

Ìjọ ló gbé e jáde. Wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ ọkọ mi wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì tò ó bó ṣe wù wọ́n. "Mo dé ibẹ̀ nínú òtútù, mi ò mọ ẹnì kankan." "Ìlú gbà á." "Ẹgbẹ́ òkùnkùn." "Ibẹ̀ ni... parí sí." Wọ́n wá fi halelúyà ìjọ sí ìdí rẹ̀. Ẹnu ọkọ mi ni wọ́n fi pa irọ́ tó kọ̀ láti pa!

Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mi ò pè é. Mo gba Forest Park lọ, mo bá Nathaniel nídìí kọ̀ǹpútà.

"Yọ ọ́ kúrò."

"Mummy, àṣẹ Pásítọ̀ ni."

Mo fa àga, mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, Pásítọ̀ wọlé.

"Mummy, ẹ má bínú. Ẹnì kan ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù nítorí fídíò yẹn."

"Mo ń bínú o! Ẹ fi ọ̀bẹ gé ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ní Jésù ló rán yín? Bí ẹ ò bá yọ ọ́ níṣojú mi, èmi náà á gun orí pẹpẹ yẹn lọ́jọ́ Sunday. Ẹ ó sì rí i bóyá ẹ lè pa ẹnu mi bí ẹ ṣe pa máìkì."

Nathaniel wo Pásítọ̀. Pásítọ̀ wo ògiri, ó ní kó yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù tèmi kí n tó dìde.

Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí kíbọọ̀dù. Ìjọ kékeré kan ní Lithonia là ń lọ báyìí, àárín èrò ni ọkọ mi ń jókòó sí. Fídíò yẹn ṣì ń rìn kiri lórí WhatsApp, torí ohun tí èèyàn bá ti fi ránṣẹ́, kò ṣeé gbà padà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí bá ọkọ mi nínú ilé ìtajà, ó ní òun bá a dúpẹ́ pé ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹni ibi yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkọ mi pe Joanna ní Hull, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Joanna rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní àwọn mẹ́ta tí kò lè mú ẹ̀rọ ìlù kan dákẹ́ nígbà tó bá bàjẹ́, ibo ni àwọn ti fẹ́ rí Èṣù bá mulẹ̀? Bámgbóyè náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ obìnrin ilé ìtajà yẹn ṣì ń dùn mí. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́.