Olú Tó Ga Ju Ilé Wa Lọ

Jẹ́ kí n sọ àlá yìí kó tó fò lọ mọ́ mi lórí. Èmi àti Àdùnní, ọmọ ọmọ mi, la wọ igbó ẹ̀yìn oko lẹ́yìn òjò àrọ̀kúrò, à ń wá olú. Nígbà ayé ìyàwó mi, òun nìkan ló mọ ibi tí olú ń hù; èmi kò rí ẹyọ kan rí. Àdùnní já àgbáyun pupa kan, ó fi sí mi lẹ́nu. "Bàbá àgbà, ẹ máa lá a o, ẹ má gbé e mì." Bí adùn rẹ̀ ṣe dé ọ̀fun mi báyìí, olú kan yọ níwájú wa, ó funfun, ó ga ju ilé wa lọ, ó ní fèrèsé, aṣọ wa sì wà lórí okùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Bàbá Ṣadé," ó ní, "ẹ tún wá olú tì, àbí? Ojú tí ẹ fi ń kàwé ṣáá kì í rí olú."

Mo ní, "Kí wá ni ìwọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ yẹn?"

Ó gbójú sókè, ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gúsí dà nù. "Háà! Ẹ rí i lóòótọ́!"

Èmi àti Àdùnní fa olú náà tu, a gbé e rù, ó fúyẹ́ bí òwú, gbogbo abúlé ń pàtẹ́wọ́, mo ń ké, "Mo rí i! Mo rí i!"

Ariwo mi ló jí mi. Àdùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń nu ojú oorun.

"Bàbá àgbà, kí lẹ rí?"