Irin Tí Bàbá Tónítóní Nù

Bàbá Tónítóní ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń pè é, torí bó bá nu ilẹ̀ tán, èèyàn lè fi ilẹ̀ náà ṣe dígí. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé. Ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà ló kún ibẹ̀. Èdè mẹ́wàá ni wọ́n fi ń bú ara wọn, baba sì ti gbọ́ èébú nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà níbẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ilé-iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ti ní ẹnì kan péré làwọn máa gbà lọ́dún yìí, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù lójú olùdánwò. Tíṣà wẹ́dà ti pe baba sí kọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ yín ni."

Ọkàn baba ò balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà láti gbálẹ̀, ó sì rí irin méjì tí ọmọ rẹ̀ jó pọ̀ lánàá lórí tábìlì. Ojú ibi tó ti jó tò léra bí ìpẹ́ ẹja, ó rí gbágungbàgun, ó sì dúdú. Ṣé èyí ni wọ́n fẹ́ gbé síwájú àlejò? Ìkìlọ̀ wà lára ògiri pé òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ọmọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ń nu nǹkan ló fọwọ́ kàn án? Ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin, ó rin ín. Ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán gbinrin. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Olùdánwò dé, obìnrin kúkúrú kan tó lo awò ojú. Baba ń nu fèrèsé tí kò dọ̀tí. Obìnrin náà gbé irin náà, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló rin èyí?"

Ó fi ìka tọ́ ojú ibi tó ń dán náà.

"Ìpẹ́ ara rẹ̀ la fi ń mọ bí ọwọ́ ṣe rìn. Ẹni tó bá rin ín, àléébù ló ń bò. Gbogbo yín lẹ mọ òfin yìí."

Lóòótọ́, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, àfi ẹni tó mú àkísà dání.

Ọmọ náà wo bí irin rẹ̀ ṣe ń dán. Ó mọ irú dídán bẹ́ẹ̀ lára ìkòkò ilé wọn, ó mọ̀ ọ́n lára bàtà rẹ̀ láti kékeré. Ó wo ọ̀nà fèrèsé. Baba la ẹnu, ọmọ sì yára mi orí fún un.

"Èmi ni, mà."

Wọ́n fa ìlà pupa gba orúkọ rẹ̀ kọjá. Tíṣà wẹ́dà ò lè wò ó lójú.

Nígbà ìsinmi, baba bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ mi, jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́."

"Kí wọ́n wá lé ẹ̀yin náà, Bàbá? Kí la máa jẹ? Ìpẹ́ yẹn ti lọ, kò sóhun tí wọ́n máa wò mọ́."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún baba. Ó kàn gbé irin náà lé e lọ́wọ́, ó sì lọ.

Ayé sú baba. Àwọn ọmọ ń kọjá, wọ́n ń kí i bí wọ́n ṣe máa ń kí i: "Bàbá Tónítóní, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ó fi àkísà rẹ̀ bo irin tó ń dán náà.