Ẹ̀rọ Omi Aláwọ̀ Ewé

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ tú mi sí ìhòòhò lójú àna ni?"

Motaleb ti gbá ìkòkò òkè mú kí Monuara tó dìde. Ìkòkò mẹ́ta ni opó náà tò léra wọn lẹ́yìn ilé ìdáná: yanrìn àti èérún irin tó tọrọ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wà nínú ti òkè, yanrìn àti èédú nínú ti àárín, omi mímọ́ nínú ti ìsàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Lípí. Omi yìí ló pa àbúrò yín."

"Omi wo? Wo ẹ̀rọ mi dáadáa. Ó pupa ni?"

Kò pupa mọ́. Àwọ̀ ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lóko. Lóṣù tó kọjá ni àwọn tó ń yẹ omi wò kùn ún lọ́dà pupa, torí oró ásẹ́níìkì tí ojú kì í rí, tí ahọ́n kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ ọmọ nílé tí ẹ̀rọ rẹ̀ pupa? Àkùkọ ńlá kan àti ẹja ilish méjì ni Motaleb fi ránṣẹ́ sí akunlé. Kí oòrùn tó wọ̀, pupa ti di àwọ̀ ewé, àmì omi tó dára.

"Ta ló ń sẹ́ omi ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé?" ni Motaleb wí. "Bí àwọn àna bá rí ìkòkò rẹ lọ́la, àṣírí tú!"

Gbàù! Gbàù! Gbàù! Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Láràárọ̀ ni Monuara máa ń kọrin sí ìkòkò wọ̀nyẹn bó ṣe ń rọ omi sí i:

*Yanrìn, gba ẹrẹ̀; irin, gba oró;*
*Èyí tó bá ṣẹ́kù, ọmọ mi ni yóò mu ún.*

Àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀, àbúrò Motaleb, ti le bí awọ ọ̀pọ̀lọ́ kó tó kú. Ẹ̀tẹ̀ ni aráyé pè é.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àna wá wo Lípí, ọmọ Motaleb, tí wọ́n fẹ́ fi ṣaya. Ìyá àgbà ọkọ ìyàwó ló ṣáájú, eyín méjì péré ló kù ú, ẹ̀fẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

"Rìn wá, ọmọ mi, kí n má lọ gbé arọ relé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tú irun. Ó dáa. La ọwọ́."

Lípí di ọwọ́. Ìyá àgbà là á fúnra rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò pa á. Kókó líle wà níbẹ̀, wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì lábẹ́ awọ. Ìyá àgbà rọra gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.

Shiuli, ọmọ Monuara, ń gbé àwo ewé tí wọ́n máa ń fún àlejò jẹ kọjá.

"Ìwọ náà, la tìrẹ. Háà! Ó ń dán. Ṣé ẹ̀rọ kan náà lẹ ń mu?"

Motaleb húkọ́. Ó wo Monuara lójú. Ilé tí Monuara ń gbé, ti Motaleb ni.

"Ẹ̀rọ kan náà ni, Ìyá," ni Monuara wí. "Èmi ni mo ń sẹ́ ti ọmọ mi."

"Kí lo fi ń sẹ́ ẹ?"

Ó nawọ́ sí àpáàdì nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn àna lọ láìjẹun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Motaleb ti ju ẹní Monuara síta. Òun àti Shiuli di ẹrù, wọ́n gba etí odò lọ.

Lójú ọ̀nà, wọ́n pàdé àwọn obìnrin òdìkejì odò tí ẹ̀rọ tiwọn pupa, ìkòkò ní ìbàdí.

"Ìyá Shiuli, ibo lẹ ń lọ? Ọlọ́run á bù kún Motaleb o! Kò fi omi rẹ̀ du ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má mu ún," ni Monuara wí. "Ọ̀dà lásán ni. Pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èékánná họ ọ́ wò."

Wọ́n wo ẹrù orí rẹ̀, wọ́n wo ara wọn.

"Ẹni tí wọ́n lé jáde," ni ọ̀kan wí, "kí ni kò ní sọ?"

Wọ́n kọjá. Láìpẹ́, Monuara gbọ́ igbe ẹ̀rọ Motaleb lẹ́yìn rẹ̀, kíùn, kíùn. Ó bojú wẹ̀yìn. Lípí ló ń fa omi fún wọn.