Òórùn Àgbàdo Nínú Yàrá Obdulia

Awọ ara Obdulia, ìyàwó mi, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le bí awọ bàtà. Ìka rẹ̀ ò ká mọ́. Ẹnu rẹ̀ fún, ṣíbí kékeré ló ń gbà. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ ló kọjú ìjà sí onílé. Wọ́n máa fa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jáde lára rẹ̀, ìyẹn irúgbìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ń hù, wọ́n á fi í pamọ́ sínú yìnyín. Wọ́n á wá fi oògùn líle pa àwọn ọmọ ogun ọ̀hún, kí wọ́n tó dá irúgbìn náà padà. Mo ní mo gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ gan-an ni pé, láàárín ìgbà yẹn, kòkòrò kékeré kan lè pa á. Oúnjẹ ìta, èèwọ̀.

Ni mo bá sọ ara mi di mẹ́gádì ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní ọsibítù kan ní ìlú Monterrey. Ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mò ń wò. Ẹni tí mò ń ṣọ́ jù ni doña Casilda, ìyá ìyàwó mi. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò sí àìsàn tí kò gbà pé àgbàdo sísè, tí wọ́n fi wàràkàṣì àti ata kùn, lè wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá irúgbìn náà padà, báàgì ńlá ni Màmá gbé wá. Nọ́ọ̀sì Yadira gbé àpò kékeré tí irúgbìn náà wà nínú rẹ̀ kọ́, ó ń kán díẹ̀díẹ̀ wọ iṣan Obdulia. Kò pẹ́, mo gbóòórùn àgbàdo. Mo wo Màmá. Màmá wo àjà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé báàgì yẹn wá."

"Ṣé olè ni mí ni?"

"Àgbàdo ń rùn níbí, Màmá."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ? Èmi rò pé ìwọ lo jẹ ẹ́ wá, tí o ò rántí tèmi."

Mo tú báàgì. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, òwú ìhunṣọ, sálúbàtà. Kò sí àgbàdo. Òun náà ní kí n tú àpò ṣòkòtò mi, ó sì gbóòórùn ẹnu mi látẹ̀yìn ìbòmú. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe ń dìde, imú mi kan orí Obdulia tí wọ́n ti fá. Ara rẹ̀ ni òórùn náà ti ń jáde.

 Mo rò pé ó ti ń jẹrà.

Àfi ìgbà tí mo rí èjìká Yadira tó ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń pa á. Ó ní gbogbo ẹbí ló máa ń tú báàgì ara wọn lọ́jọ́ yìí, pé oògùn tí wọ́n fi pa irúgbìn náà mọ́ nínú yìnyín ló ń bá èémí Obdulia jáde. Yóò lọ.

Obdulia pa ojú dé. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wá ata àti ọsàn wẹ́wẹ́. Eleuterio ọkọ mi fẹ́ jẹ mí."

A rẹ́rìn-ín débi pé Yadira ní kí á rọra, kí á má fi ẹ̀rín já okùn àpò náà.

Síbẹ̀ n ò sùn dáadáa, n ò jẹun dáadáa, títí dókítà fi wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó ní irúgbìn ti hù, ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ń jáde. Doña Casilda ju òwú ìhunṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó ń jó yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó fa èmi náà wọ̀ ọ́, èmi tí n kì í jó. Mo jó títí okùn ìbòmú mi fi já. Yadira tì mí síta nítorí kòkòrò, ó pa ilẹ̀kùn dé, mo sì ń bá ijó mi lọ níbẹ̀.